Yelena Isinbayeva

Yelena Gadzhievna Isinbayeva (ọjọ́ ìbí: 3 oṣù Òkúdù, 1982) jẹ́ eléré ìdárayá ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó ti fẹ̀yìn tì. Eré fífi ọ̀pá fò ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ó gba wúrà nínú ìdíje Olíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì, ní Athens lọ́dún 2004 àti ní Beijing lọ́dún 2008, ó sì gba idẹ ní London lọ́dún 2012. Ó borí nínú Ìdíje Àgbáyé fún eré orí pápá ní 2005, 2007 àti 2013, ó sì gba ti abẹ́ òrùlé nígbà mẹ́rin: 2004, 2006, 2008 àti 2012. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó fi ọ̀pá fò dé mítà márùn-ún. Mítà 5.06 tó fò ní ìlú Zürich lọ́jọ́ 28 oṣù Ògún, 2009, ni àkọsílẹ̀ àgbáyé fún àwọn obìnrin ní ìta gbangba, kò sì tíì sí obìnrin tó fò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọsílẹ̀ àgbáyé 28 ni wọ́n kà fún un: 15 ní ìta, 13 lábẹ́ òrùlé.

Ìgbà èwe

Ìlú Volgograd, létí odò Volga ní gúúsù Rọ́ṣíà, ni wọ́n bí i sí nígbà tí Soviet Union ṣì wà. Gadzhi, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Tabasaran láti Dagestan. Iṣẹ́ páìpù omi ló ń ṣe. Natalya, ìyá rẹ̀, jẹ́ ọmọ Rọ́ṣíà, ó sì ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé wọn kì í ṣe ilé olówó. Yelena kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ fi òun àti Inna, ọmọ ìyá rẹ̀, sídìí jìmínásíìkì.

Ọdún mẹ́wàá gbáko ló lò nídìí eré náà. Àmọ́ ẹni tí kò ga púpọ̀ ni jìmínásíìkì ń gbè, torí pé bí ara bá ṣe gùn tó ni yíyí lójú afẹ́fẹ́ ṣe ń nira tó. Isinbayeva kò sì yéé ga. Nígbà tó máa fi dàgbà tán, ó ti ga tó mítà 1.74. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ọ̀nà ti dí fún un níbẹ̀. Alexander Lisovoy tó ń kọ́ ọ kò kàn ní kó máa lọ sílé. Ó mú un lọ bá Yevgeny Trofimov, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń kọ́ àwọn tó ń fi ọ̀pá fò ní Volgograd. Ìpinnu yìí ló yí gbogbo nǹkan padà. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, ó fò mítà 4.00 nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé tó wáyé ní Moscow lọ́dún 1998, ó sì gba wúrà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó borí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Bydgoszcz ní ilẹ̀ Pólándì pẹ̀lú mítà 4.10.

Bí eré náà ṣe rí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ jìmínásíìkì fi tètè mọ eré yìí, kó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀. Eléré á gbé ọ̀pá gígùn dání, á sáré tete, á sì ki orí ọ̀pá bọ inú kòtò kékeré kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ń fò. Ọ̀pá á tẹ̀ kọdọrọ. Bó ṣe ń nà padà ló máa ń gbé ènìyàn sókè. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì yẹn, eléré gbọ́dọ̀ da orí kodò, kó na ẹsẹ̀ sí òfuurufú, kó yí ara padà kí àyà rẹ̀ lè dojú kọ ọ̀pá ìdábùú, kó sì ti ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kó tó bọ́ sórí fóòmù. Eré sísá ṣe pàtàkì, agbára apá náà sì ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ibi tí ara òun wà nígbà tó dorí kodò, ọ̀pá ìdábùú ni yóò fi ẹsẹ̀ gbá lulẹ̀. Isinbayeva ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ apá tó le jù nínú iṣẹ́ yìí kó tó fọwọ́ kan ọ̀pá rárá. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá sábà máa ń fi bó ṣe ń yí lókè ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn.

Òfin kan tún wà tí ìtàn rẹ̀ kò lè yé ènìyàn láìmọ̀ ọ́n. Bí eléré bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta léra, eré parí fún un. Kò pọn dandan kó lo ẹ̀ẹ̀mẹta náà ní ibi gíga kan ṣoṣo. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, ó lè yẹ ibẹ̀ sílẹ̀, kó kó ẹ̀ẹ̀mejì tó kù lọ sí ibi tó ga ju ìyẹn lọ. Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé okun rẹ̀ kò ní tètè tán, àyà alátakò á sì já. Ewu rẹ̀ ni pé ibi tó le sí i ló gbé ẹ̀mí ìdíje rẹ̀ lọ. Isinbayeva fẹ́ràn irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ó gbè é, ó sì tún jẹ ẹ́ níyà.

Òun àti Feofanova

Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ fi eré yìí kún Ìdíje Àgbáyé fún àwọn obìnrin, ọdún 2000 ló sì wọ Olíńpíìkì, ní Sydney. Stacy Dragila láti Amẹ́ríkà ló gba méjèèjì, ó sì fò mítà 4.60 nígbà kọ̀ọ̀kan. Isinbayeva, ọmọ ọdún méjìdínlógún, lọ sí Sydney, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà gbà dé ìpele àṣekágbá. Lọ́dún kan náà, ó gba wúrà àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Santiago, ní ilẹ̀ Chile.

Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà bíi tirẹ̀ ló kọ́kọ́ dí i lọ́nà lẹ́yìn ìyẹn. Svetlana Feofanova, tí òun náà ti inú jìmínásíìkì wá, fi ọdún méjì gbà á lójú. Nínú Ìdíje Yúróòpù tó wáyé ní Munich lọ́dún 2002, Feofanova fò 4.60, Isinbayeva fò 4.55. Lóṣù Agẹmọ ọdún 2003, ní Gateshead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Isinbayeva fi àkọsílẹ̀ àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ lélẹ̀ pẹ̀lú mítà 4.82. Gbogbo ènìyàn rò pé Ìdíje Àgbáyé ti Paris lóṣù tó tẹ̀ lé e ti di tirẹ̀. Feofanova ló gba wúrà, Annika Becker láti Jámánì gba fàdákà, idẹ ló kù fún Isinbayeva.

Ọdún 2004 ni ìjà àwọn méjèèjì gbóná jù. Lóṣù Èrèlé, ní Donetsk, Isinbayeva fò 4.83 lábẹ́ òrùlé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà Feofanova fò 4.85, nígbà tó di oṣù Ẹrẹ́nà, Isinbayeva fò 4.86 ní Budapest, ó sì fi gba wúrà àgbáyé. Nígbà tí wọ́n jáde sí ìta, bẹ́ẹ̀ náà ni: Isinbayeva fò 4.87 ní Gateshead lọ́jọ́ 27 oṣù Òkúdù, Feofanova fò 4.88 ní Heraklion lọ́jọ́ 4 oṣù Agẹmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Isinbayeva kò jẹ́ kí ó dé ọwọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ó fò 4.89 ní Birmingham, ó sì fò 4.90 ní London lọ́jọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣekágbá Athens, lọ́jọ́ 24 oṣù Ògún, ni ibi tí tẹ́tẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn sí gbogbo ayé. Ó kùnà lẹ́ẹ̀kan ní 4.70, ó sì yẹ ibẹ̀ sílẹ̀. Ó kùnà lẹ́ẹ̀kan ní 4.75, ó tún yẹ ìyẹn náà. Ó ku ẹyọ kan. Ó kó ẹyọ kan yẹn lọ sí 4.80. Ká ní ó kùnà níbẹ̀ ni, ẹni tó ni àkọsílẹ̀ àgbáyé ì bá lọ sílé láìgba wúrà. Ó fò ó. Feofanova kò rí i bá mọ́, 4.75 ló fi gba fàdákà, Anna Rogowska láti Pólándì sì gba idẹ. Nígbà tí wúrà ti di tirẹ̀, Isinbayeva ní kí wọ́n gbé ọ̀pá ìdábùú lọ sí 4.91, ó sì fò ìyẹn náà. Lọ́jọ́ 3 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ó fò 4.92 ní Brussels.

Mítà márùn-ún

Ṣáájú rẹ̀, Sergey Bubka, ọmọ Yukréìn tó lókìkí nídìí fífi ọ̀pá fò, ti lo ọ̀nà kan náà láàárín àwọn ọkùnrin: kó máa fi sẹ̀ǹtímítà kan kan lé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí àkọsílẹ̀ bá jẹ́ tuntun ni owó àjẹmọ́nú ń wọlé, ènìyàn kò sì ní í jẹ gbogbo oúnjẹ rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Àwọn kan bínú sí Isinbayeva nítorí èyí, wọ́n ní ó ń fi agbára pamọ́. Ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Òfin kò kọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó dájú pé òun yóò tún wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2005, ó fò 4.93 ní Lausanne, ó sì fò 4.95 ní Madrid. Lọ́jọ́ 22 oṣù kan náà, ní pápá ìṣeré Crystal Palace ní London, ó fò 4.96. Àwọn èrò rò pé 4.97 ni yóò kàn. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí 5.00 gan-an, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fò ó. Ó hàn lọ́jọ́ yẹn pé ẹni tó ń ka sẹ̀ǹtímítà náà mọ ìgbà tó yẹ kí òun ju kíkà sílẹ̀. Lọ́jọ́ 12 oṣù Ògún, nínú Ìdíje Àgbáyé ní Helsinki, ó fò 5.01. Monika Pyrek láti Pólándì tó ṣe ipò kejì fò 4.60. Sẹ̀ǹtímítà 41 ló wà láàárín wúrà àti fàdákà!

Lẹ́yìn ọdún yìí ló fi Trofimov sílẹ̀, tó lọ bá Vitaly Petrov, ẹni tó kọ́ Bubka, ó sì ń gbára dì ní ìlú Formia ní Ítálì. Petrov fẹ́ tún bó ṣe ń fò ṣe láti ìpìlẹ̀. Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e kò mú àkọsílẹ̀ tuntun wá ní ìta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè bá a du wúrà: ó gba Ìdíje Yúróòpù ní Gothenburg lọ́dún 2006, ó sì gba ti àgbáyé ní Osaka lọ́dún 2007. Abẹ́ òrùlé ní Donetsk, nínú ìdíje tí Bubka dá sílẹ̀, ló ti ń rí ti rẹ̀ ṣe: 4.91 ní 2006, 4.93 ní 2007, 4.95 ní 2008.

Ohun tí àwọn òǹwòran máa ń rántí jù ni ìṣe rẹ̀ lórí pápá. Bí àwọn yòókù bá ń fò, á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á da táwẹ́ẹ̀lì tàbí aṣọ bojú, bí ẹni tó ń sùn, kò sì ní wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó bá tó àkókò rẹ̀, á dìde, á fi ẹfun pa ọwọ́, á gbé ọ̀pá sókè, ètè rẹ̀ á sì máa mì: ọ̀rọ̀ ló ń bá ọ̀pá náà sọ. Ìgbà tó bá sọ tán ni yóò tó sáré. Ó máa ń fi àwọ̀ ya àwọn ọ̀pá rẹ̀ sọ́tọ̀ pẹ̀lú, pé èyí ni tòun fún ìbẹ̀rẹ̀, èyí ni tòun fún wúrà, èyí ni tòun fún àkọsílẹ̀ àgbáyé.

Lọ́dún 2008, iṣẹ́ Petrov so èso. Ó fò 5.03 ní Rome lọ́jọ́ 11 oṣù Agẹmọ, ó fò 5.04 ní Monaco lọ́jọ́ 29. Jenn Stuczynski, ará Amẹ́ríkà tí ayé tún wá mọ̀ sí Jenn Suhr lẹ́yìn ìgbéyàwó, ni wọ́n retí pé yóò dà á láàmú ní Beijing. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Isinbayeva fò, ní 4.70 àti 4.85, tí wúrà fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ṣì ni ìyẹn lójú rẹ̀. Òun nìkan ló kù lórí pápá, gbogbo àwọn èrò dúró dè é, ó sì fò 5.05 nígbà tó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún un.

Berlin àti Zürich

Lóṣù Èrèlé ọdún 2009, ó fò 4.97 àti 5.00 ní Donetsk lọ́jọ́ kan náà. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹnì kan lè bì í ṣubú nínú Ìdíje Àgbáyé ti Berlin, kò sì sí ẹni tó bì í ṣubú lóòótọ́. Ara rẹ̀ ló bì ṣubú. Lọ́jọ́ 17 oṣù Ògún, ó jókòó di ìgbà tí ọ̀pá ìdábùú dé 4.75 kó tó fò rárá. Ó kùnà. Ó yẹ ibẹ̀ sílẹ̀, ó kó ẹ̀ẹ̀mejì tó kù lọ sí 4.80, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe ní Athens. Ó kùnà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nínú èsì ìdíje ọjọ́ náà, kò sí iye kankan ní iwájú orúkọ rẹ̀. Anna Rogowska ló gba wúrà pẹ̀lú 4.75, gíga tí Isinbayeva yẹ sílẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní Zürich, ó fò 5.06. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ohun tuntun láàárín ọjọ́ mọ́kànlá. Ohun tó gbé lọ sí Berlin náà ló gbé lọ sí Zürich. Lọ́dún yẹn, òun, Kenenisa Bekele láti Ethiopia àti Sanya Richards láti Amẹ́ríkà pín owó ńlá Golden League tí wọ́n máa ń fún àwọn tó bá borí nínú gbogbo ìdíje ọ̀wọ́ náà. Ilẹ̀ Sípéènì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Prince of Asturias fún eré ìdárayá. Ṣáájú ìgbà yìí, àjọ eré orí pápá àgbáyé ti yàn án ní obìnrin eléré tó tayọ jù lọ́dún 2004, 2005 àti 2008.

Àárẹ̀ mú un lẹ́yìn náà. Ipò kẹrin ló ṣe nínú ìdíje abẹ́ òrùlé àgbáyé ní Doha lọ́dún 2010, ó sì kéde pé òun fẹ́ sinmi. Nígbà tó padà dé lọ́dún 2011, ó padà sọ́dọ̀ Trofimov ní Volgograd. Ó ṣe ipò kẹfà ní Daegu, níbi tí Fabiana Murer láti Bràsíl ti gba wúrà. Lọ́jọ́ 23 oṣù Èrèlé, 2012, ó fò 5.01 lábẹ́ òrùlé ní Stockholm, àkọsílẹ̀ àgbáyé rẹ̀ tó kẹ́yìn nìyẹn. Ní London lọ́dún kan náà, 4.70 ló lè fò. Suhr àti Yarisley Silva ọmọ Kúbà jọ fò 4.75, iye ìgbà tí wọ́n kùnà ni wọ́n kà kí Suhr tó gba wúrà.

Ó ku Ìdíje Àgbáyé ti Moscow, lóṣù Ògún 2013. Níwájú àwọn ará ilé rẹ̀ ní pápá ìṣeré Luzhniki, ó fò 4.89, Suhr àti Silva sì dúró ní 4.82. Ó gbìyànjú 5.07, kò ṣeé ṣe, ó sì ta òkìtì lórí pápá gẹ́gẹ́ bí ọmọ jìmínásíìkì. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó gbè lẹ́yìn òfin Rọ́ṣíà tó ka ìpolongo ìbálòpọ̀ ẹ̀yà kan náà léèwọ̀, ó sì bá àwọn eléré tó tako òfin náà wí. Ìbínú pọ̀ káàkiri. Ó padà sọ pé ọ̀rọ̀ òun kò yé àwọn ènìyàn dáadáa nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè òun.

Ìfòfindè Rọ́ṣíà àti ìfẹ̀yìntì

Ó bí ọmọbìnrin kan, Eva, lóṣù Òkúdù 2014, ó sì ṣègbéyàwó pẹ̀lú Nikita Petinov tó ń ju ọ̀kọ̀ lóṣù Ọ̀pẹ ọdún náà. Ìdíje Rio 2016 ló fẹ́ fi pa ilẹ̀kùn eré rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n lóṣù Bélú 2015, àjọ eré orí pápá àgbáyé fòfin de Rọ́ṣíà nítorí lílo oògùn olóró láti fi kún agbára àwọn eléré, èyí tí ìjọba lọ́wọ́ sí. Wọn kò bá oògùn kankan lára Isinbayeva rí. Lóṣù Òkúdù 2016 ó fò 4.90 ní Cheboksary, títí di ìgbà yẹn, kò sì tíì sí obìnrin mìíràn tó fò tó bẹ́ẹ̀ ní ìta lọ́dún náà. Òun àti àwọn eléré Rọ́ṣíà tó lé ní ọgọ́ta gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ eré ìdárayá ní Lausanne. Lọ́jọ́ 21 oṣù Agẹmọ, wọ́n dá ẹjọ́ náà nù. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ni pé òfin tó gbá gbogbo wọn pọ̀ kò ya aláìṣẹ̀ sọ́tọ̀. Ìdáhùn àwọn tó ṣòfin sì ni pé ètò àyẹ̀wò ilẹ̀ náà ti bàjẹ́ débi pé kò ṣeé fọkàn tán láti ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

Ó lọ sí Rio síbẹ̀, kì í ṣe láti fò. Àwọn eléré dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ àwọn eléré ti àjọ Olíńpíìkì, ó sì kéde ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́jọ́ 19 oṣù Ògún, lọ́jọ́ tí Ekaterini Stefanidi láti Gíríìsì gba wúrà pẹ̀lú 4.85. Níparí ọdún náà ni wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ alábòójútó àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Rọ́ṣíà. Kò pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn náà kò fara mọ́ ọn.

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ eléré Rọ́ṣíà, ó ní oyè ológun nípasẹ̀ ẹgbẹ́ eléré tó wà lábẹ́ iṣẹ́ ológun. Nígbà tí ogun Yukréìn bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022, oyè náà di ọ̀rọ̀. Lọ́dún 2023, nígbà tó ń gbé ní erékùṣù Tenerife, ó ní oyè orúkọ lásán ni, àti pé ọmọ gbogbo ayé ni òun. Inú àwọn kan ní Rọ́ṣíà kò dùn sí ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Àkọsílẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ òrùlé ti bọ́ sọ́wọ́ Suhr, tó fò 5.02 lọ́dún 2013 àti 5.03 lọ́dún 2016. Ní ìta, Sandi Morris láti Amẹ́ríkà fò 5.00 ní Brussels lọ́dún 2016. Anzhelika Sidorova, ọmọ Rọ́ṣíà bíi tirẹ̀, fò 5.01 ní Zürich lóṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2021.